Abu Rayhan al-Biruni: Onímọ̀ tí Ó Gbé Ọ̀rọ̀ Lé Òṣùwọ̀n

 

 Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn ẹni àná lójú ewé báyìí, àwọn sàábé, àwọn onímọ̀ hadīth àti àwọn onímọ̀ fiqh ni ọkàn wa sábà máa ń lọ bá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ẹnì kan tí ó kírun, tí ó gbààwẹ̀, tí ó fi èdè Al-Qur'ān kọ ìwé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò nínú ìtàn ẹ̀kọ́ físíìsì títí di òní. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Rayhan Muhammad ibn Ahmad al-Biruni.

Ìdí tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá

A kò ní fi ẹ̀bi wa pamọ́ fún yín. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí ń kéwú lọ́dọ̀ wa wá bá wa nígbà kan lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ku ọdún kan kí ó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní físíìsì ń gba òun lákòókò, bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ parí ìwé Lárúbáwá òun, ó sì bi wá léèrè bóyá kí òun fi físíìsì sílẹ̀. A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A ní kí ó fi í sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ìmọ̀ tí yóò bá a dé sàréè. Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ó sì fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí a gbà á kò dára. Ìtàn al-Biruni ni ó là wá lójú.

Àwa fúnra wa ṣe físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama. A rántí ọjọ́ kan tí tíṣà wa gbé agolo kan síwájú wa ní lábù, agolo tí wọ́n jó ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí a bu omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu náà, kí a so òkúta mọ́ okùn, kí a rọra rì í sínú omi, kí a sì gbe gbogbo omi tí ó bá dà jáde. A ṣe é. A wọn òkúta, a wọn omi, a fi èkínní pín pẹ̀lú èkejì, a kọ ìdáhùn sílẹ̀, a gba máàkì wa. Ohun tí wọ́n ní a wá náà ni wọ́n ń pè ní density. A há fọ́múlà rẹ̀ sórí bí ẹni há hizb sórí láìmọ ìtumọ̀. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú agolo yìí ń wá.

Ó di ìgbà tí a dé yunifásítì, tí a ń ka ìwé Lárúbáwá ayé àtijọ́, kí a tó tún pàdé agolo náà. Ó wà nínú Mizan al-Hikma, ìwé tí al-Khazini kọ lórí òṣùwọ̀n ní ìlú Marw ní nǹkan bí ọdún 1121. Al-Khazini ya àwòrán rẹ̀, ó sì sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Abu Rayhan ni. Ojú tì wá. Mùsùlùmí ni ó ṣe ohun tí a rò pé ti òyìnbó ni, èdè tí a fi ń kéwú ni ó sì fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kẹta oṣù Dhul-Hijja ọdún 362 Hijra, tí ó bọ́ sí oṣù kẹsàn-án ọdún 973, ni a bí al-Biruni. Ìlú Kath ni a bí i sí, ní ilẹ̀ Khwarazm, nítòsí odò ńlá Amu Darya. Orílẹ̀-èdè Uzbekistan ni ibẹ̀ wà lónìí, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú kan níbẹ̀. Ní èdè Páṣíà, ìta tàbí ẹ̀yìn ìlú ni ìtumọ̀ bīrūn, ibẹ̀ ni a sì ti rí orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe ọmọ olórúkọ. Nígbà tí ó di ẹni ńlá pàápàá, ó sọ ọ́ láìtijú pé òun kò mọ ìran òun dáadáa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fi olùkọ́ rere ta á lọ́rẹ. Abu Nasr Mansur, tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé ọba Kath tí ó sì jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, mú un mọ́ra, ó sì kọ́ ọ. Nígbà tí al-Biruni wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17, ó ti ń fi ìwọ̀n gíga oòrùn lọ́sàn-án gangan mọ ibi tí ìlú rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ wo ọjọ́ orí yìí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọjọ́ orí ẹni tí ń múra ìdánwò àṣejáde ni.

Ní ọdún 995, ogun dé. Ọba Gurganj ṣẹ́gun ọba Kath, ó pa á, ó sì gba ìjọba rẹ̀. Al-Biruni, tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ, sá kúrò nílé, ó sì fi àwọn ohun èlò tí ó ń ṣe sílẹ̀. Ó dé ìlú Rayy nínú àìní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú nǹkan báyìí máa ń mú kí wọ́n sọ ìwé nù. Òun kò sọ ọ́ nù. Nígbà tí ó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 997, ó ti padà sí Kath, ó sì ti bá Abu al-Wafa, onímọ̀ àgbà tí ó wà ní Baghdad, ṣe àdéhùn. Òkùnkùn fẹ́ bo òṣùpá ní ọjọ́ 24 oṣù náà, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní khusūf. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ àkókò tí ó rí i ní ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ìgbà kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rí òkùnkùn òṣùpá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aago ìlú méjèèjì ni yóò sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra ní ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sí tẹlifóònù, kò sí rédíò. Òṣùpá ni wọ́n fi ṣe aago.

Ìbéèrè tí ó bi Ibn Sina

Ní àkókò èwe rẹ̀ yìí náà ni al-Biruni kọ lẹ́tà sí Ibn Sina, ọ̀dọ́ oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, tí al-Biruni sì fi nǹkan bí ọdún méje jù lọ. Ìbéèrè 18 ni ó fi ránṣẹ́. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ dá lórí ohun tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, sọ nípa sánmà. Mẹ́jọ dá lórí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ irú ìbéèrè náà. Kí ni ìdí rẹ̀ tí omi dídì fi ń léfòó lórí omi? Bí ó bá jẹ́ pé ooru ni ó ń mú nǹkan fẹ̀, tí òtútù sì ń mú un sún kì, kí ni ó dé tí ìgò tí omi wà nínú rẹ̀ fi ń fọ́ nígbà tí omi náà bá dì? Ẹni tí ó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fíríìsà rí ti fojú rí ìbéèrè yìí. Ìdáhùn tí a ń kọ́ nílé ìwé lónìí ni pé omi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nǹkan: bí ó bá ti ń dì, ó ń fẹ̀ sí i ni. Nítorí náà ni ó fi ń fọ́ ìgò, nítorí náà ni ó sì fi ń léfòó.

Ibn Sina dáhùn. Al-Biruni yẹ ìdáhùn náà wò, èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú rẹ̀, ó tún dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà le láàárín wọn nígbà mìíràn, títí tí Ibn Sina fi jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òun al-Masumi máa dáhùn. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé al-Biruni kò gba ọ̀rọ̀ Aristotle nítorí pé Aristotle ni ó sọ ọ́, kò sì kọ̀ ọ́ nítorí pé kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó béèrè ẹ̀rí.

Bí a ṣe kó o lọ sí Ghazna

Ní ọdún 1017, Sultan Mahmud ti Ghazna ṣẹ́gun Khwarazm. Ó kó àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Afghanistan lónìí, al-Biruni àti olùkọ́ rẹ̀ Abu Nasr wà lára wọn. Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Fún ìgbà kejì, ogun gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1018, ó wà ní abúlé kan nítòsí Kabul. Ara kò dẹ̀ ẹ́, kò sì ní ohun èlò kankan. Ó fẹ́ mọ ibi tí abúlé náà wà lórí ilẹ̀ ayé. Ó mú pákó tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ya ìlà róbótó sí i, ó pín ìlà náà sí dígíìrì, ó sì so okùn kan mọ́ ọn pẹ̀lú nǹkan wúwo nídìí, irú èyí tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Pákó yìí ni ó fi wọn gíga oòrùn. Ẹni tí ń sọ pé òun kò lè ka físíìsì nítorí pé lábù ilé ìwé òun kò ní ohun èlò, kí ó rántí pákó yìí.

Ìwọ̀n wúrà nínú omi

A wá dé ọ̀rọ̀ agolo wa. Láti ayé Archimedes, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ohun tí a bá rì sínú omi yóò lé omi tí ó tó ìwọ̀n àyè tirẹ̀ kúrò. Ohun tí al-Biruni fẹ́ ṣe ni pé kí ó wọn omi náà débi tí kò ní sí àṣìṣe ńlá. Ó ṣe ohun èlò kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ínrín, ó fi ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé àwo òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹnu náà.

Kí ni ìdí tí ọrùn rẹ̀ fi tín-ínrín? Nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, omi púpọ̀ lè wọlé kí ojú tó rí i pé ó gòkè. Ṣùgbọ́n nínú ọrùn tín-ínrín, ìba omi díẹ̀ ni yóò mú kí ojú omi gòkè kíákíá, yóò sì dà jáde. Kò ṣe ohun èlò náà lẹ́ẹ̀kan kí ó dára. Ó ń ṣe é, ó ń wó o, ó ń tún un ṣe, nítorí pé omi máa ń dúró sí ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ náà tí kò ní kán sílẹ̀ tán, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sì lè ba ìṣirò jẹ́. Àwa tí ó ṣe tiwa ní lábù rántí ẹ̀kán omi yẹn dáadáa. A máa ń fi ìka nù ún nù ni, a sì máa ń kọ nọ́ńbà tí ó bá wù wá sílẹ̀.

Báyìí ni ó wọn wúrà, mákúrì, òjé, fàdákà, bàbà, idẹ, irin àti tánńganran. Ó wọn òkúta iyebíye bíi yāqūt àti zumurrud pẹ̀lú. Ó fi wúrà ṣe òdiwọ̀n fún àwọn irin, ó sì fi yāqūt aláwọ̀ ojú ọ̀run ṣe òdiwọ̀n fún àwọn òkúta. Bí a bá gbé ohun tí ó rí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí àwọn ẹ̀rọ òde òní rí, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kéré gan-an fún púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan bí ìṣirò ilé ìwé, kí á lè mọ ohun tí ó wúlò fún. Ká ní oníṣòwò kan gbé ẹ̀gbà ọrùn wúrà wá tí ó wọn gíráàmù 193. Gíráàmù 19.3 ni mìlílítà wúrà gidi kan ń wọ̀n. Bí ẹ̀gbà náà bá jẹ́ wúrà gidi látòkèdélẹ̀, omi mìlílítà 10 ni yóò lé jáde. Ṣùgbọ́n a rì í sínú omi, mìlílítà 12 ni ó dà. Àdàlù wà níbẹ̀. Ká ní bàbà ni wọ́n pò mọ́ ọn, tí mìlílítà rẹ̀ kan ń wọn gíráàmù 8.9. Bí gbogbo mìlílítà 12 náà bá jẹ́ bàbà, yóò wọn gíráàmù 106.8. Ó ku gíráàmù 86.2 kí ó tó pé 193. Mìlílítà kọ̀ọ̀kan tí a bá yọ bàbà kúrò tí a fi wúrà dí i, gíráàmù 10.4 ni yóò fi kún un. Ẹ fi 10.4 pín 86.2, ẹ óò rí 8.29. Èyí ni mìlílítà wúrà tí ó wà nínú ẹ̀gbà náà. Gíráàmù 160 péré ni wúrà. Gíráàmù 33 tí ó kù, bàbà ni.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ físíìsì nìkan ha ni èyí bí? Ẹni tí ó san owó wúrà fún bàbà, ṣé a kò rẹ́ ẹ jẹ? Odindi sūra kan nínú Al-Qur'ān bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Bí ẹnì kan bá sì tọ́jú wúrà pamọ́ tí ó wá béèrè nípa zakat rẹ̀, nisab wúrà jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 85. Irú wúrà àdàlù tí a ṣírò yìí, bí ó bá jẹ́ gíráàmù 100, nǹkan bí gíráàmù 83 ni wúrà inú rẹ̀. Kí onímọ̀ fiqh tó lè dájọ́ lórí rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ iye wúrà tí ó wà níbẹ̀. Aáfà tí kò mọ òṣùwọ̀n, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Bí ó ṣe wọn ilẹ̀ ayé láti orí òkè

Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ Sultan Mahmud, ó rìn dé ilẹ̀ Íńdíà. Ó ti kọjá ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Sanskrit lọ́wọ́ àwọn ará Híńdù. Ní nǹkan bí ọdún 1030, ó kọ ìwé ńlá kan lórí ẹ̀sìn, àṣà àti ìmọ̀ wọn, ó sì ròyìn ohun tí wọ́n gbà gbọ́ láìfi irọ́ kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á gbọ́.

Ní ìrìn yìí ni ó dé ilé olódi kan tí à ń pè ní Nandana, tí ó wà ní Pakistan lónìí. Òkè kan dúró níbẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa sì wà níwájú rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ayé Khalifa al-Mamun, àwọn onímọ̀ ti rin aṣálẹ̀ Sinjar láti fi wọn bí ilẹ̀ ayé ṣe tóbi. Al-Biruni rí i pé òun lè ṣe é láìrin aṣálẹ̀ kankan.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó wọn gíga òkè náà. Ó dúró sí ibi méjì lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó wo ṣóńṣó òkè láti ibi kọ̀ọ̀kan, ó kọ igun tí ó rí sílẹ̀, ó sì fi ìṣirò mú gíga òkè jáde. Ìgbọ̀nwọ́ 652 àti díẹ̀ ni ó rí. Irú ìṣirò yìí ni a máa ń bá pàdé nínú ìdánwò, tí wọ́n á ní ọmọdé kan ń wo orí ilé gíga. Lẹ́yìn náà, ó gun òkè lọ, ó wo ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta rí yóò mọ̀ pé bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni a ń rí ọ̀nà jíjìn sí i. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ bí ẹní, tí kò sì lópin, iwájú gan-an ni ojú wa ì bá máa wò. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ rí róbótó, ojú ní láti tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó rí ẹnu ààlà náà. Al-Biruni wọn bí ojú òun ṣe tẹ̀ tó: kò tó dígíìrì kan. Bí a bá pín dígíìrì kan sí ọ̀nà 60, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ni.

Láti inú nọ́ńbà méjì yìí, gíga òkè àti ìtẹ̀sísàlẹ̀ ojú, ni ó ti mú ìwọ̀n láti àárín ilẹ̀ ayé dé òkè rẹ̀ jáde. Ohun tí ó rí súnmọ́ kìlómítà 6,371 tí a mọ̀ lónìí. Nítorí kí ni ó ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ó sọ ìdí kan nínú ìwé rẹ̀ tí ó parí ní ọdún 1025, lórí bí a ti ń mọ ibi tí àwọn ìlú wà: kí àwọn ará Ghazna lè dojú kọ qibla bí ó ti yẹ. Ẹni tí kò mọ ibi tí òun wà lórí ilẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí Ká'bah wà sí òun?

Ó tún ṣàlàyé àpótí kékeré kan tí àgbá eléyín mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, bí eyín tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ń kọ́, tí ó ń fi ọjọ́ òṣùpá hàn. Méjì nínú àgbá náà ní eyín 59. Ẹ ro ó wò: oṣù Lárúbáwá, bí ọ̀kan bá jẹ́ ọjọ́ 29, tí èkejì jẹ́ 30, mélòó ni àpapọ̀ wọn?

Ẹni tí ó kọ ohun èlò ìmọ àkókò ìrun

Nínú ìwé rẹ̀ lórí òjìji, al-Biruni sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n lo ohun èlò kan tí wọ́n fi ń mọ àkókò ìrun, nítorí pé oṣù àwọn ará Rūm ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀, àwọn ará Rūm kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Èsì al-Biruni ni pé àwọn ará Rūm náà ń jẹun, wọ́n sì ń rìn nínú ọjà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí onítọ̀hún má ṣe fara wé wọn nínú méjèèjì yẹn náà.

A kò fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín lásán. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn bàbá wa ní ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rù ilé ìwé. Ọwọ́ àwọn ìjọ míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá wọ ibẹ̀ lè fi orúkọ àti ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó ríran jìnnà kò torí ìyẹn kọ ìwé. Wọ́n gba ilé ìwé Mùsùlùmí tí ìjọba ṣí ní Èkó ní ọdún 1896, nígbà tí ó sì di ọdún 1923, wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, tí ó wá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Orúkọ àti ẹ̀sìn ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Wọn kò sọ pé ìṣirò ni ọ̀tá. Àwa tí a dé lẹ́yìn wọn ni a wá ń sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kí ó fi físíìsì sílẹ̀ nítorí kéwú.

Ìkẹyìn rẹ̀

Sultan Mahmud kú ní ọdún 1030. Al-Biruni kọ ìwé rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ lórí ìmọ̀ sánmà, al-Qanun al-Masudi, ó sì fi ṣe ọlá fún Masud ọmọ Mahmud. Yaqut al-Hamawi, tí ó kọ ìtàn àwọn onímọ̀, sọ pé Masud fi fàdákà tí ó tó ẹrù erin kan ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n al-Biruni dá a padà, ó ní òun kò nílò rẹ̀. Nígbà tí ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó kọ orúkọ àwọn ìwé tí ó ti kọ sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ 113. Kò dúró níbẹ̀. Ó tún kọ ìwé lórí òkúta iyebíye àti irin, àti ìwé lórí oògùn, nígbà tí ojú àti etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Yaqut náà ni ó sọ ìtàn ikú rẹ̀. Onímọ̀ fiqh kan lọ bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀. Al-Biruni bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa ìpín ìyá-àgbà nínú ogún, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti jọ sọ rí. Àánú rẹ̀ ṣe onímọ̀ náà, ó bi í pé nínú irú ipò báyìí ni ó tún ń béèrè bí? Al-Biruni dá a lóhùn pé kí òun mọ ọ̀rọ̀ náà kí òun tó fi ayé sílẹ̀ sàn ju kí òun kú láìmọ̀ ọ́n lọ. Onímọ̀ náà ṣàlàyé fún un, ó dìde, ó jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi gbọ́ igbe ẹkún láti inú ilé náà. Nǹkan bí ọdún 1048 ni wọ́n sábà máa ń fi ikú rẹ̀ sí, ní ìlú Ghazna.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ìkẹyìn ọkùnrin yìí. Ẹni tí ó wọn wúrà, tí ó wọn òkè, tí ó wọn ilẹ̀ ayé, ìbéèrè fiqh ni ó fi parí ayé rẹ̀. Kò sí ògiri láàárín ilé kéwú rẹ̀ àti lábù rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ó ń lò nínú méjèèjì: kí a má ṣe sọ ohun tí a kò mọ̀, kí a má ṣe gba ohun tí kò ní ẹ̀rí, kí a má ṣe fi ìka nu ẹ̀kán omi nù kí á wá kọ nọ́ńbà tí ó wù wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, bí ẹ bá dé iwájú agolo yẹn, ẹ má ṣe há fọ́múlà sórí lásán. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí omi náà ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ sì ti gbàgbé, ẹ wá ìwé yín àtijọ́ jáde, kí ẹ sì ṣe ìṣirò ẹ̀gbà ọrùn yẹn fún àbúrò yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ yìí kò kàn yín. Bí aáfà kan bá sì ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, bí àwa ti ṣe nígbà náà, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í léèrè èyí tí al-Biruni yàn.

Kí Ọlọ́hun forí jin al-Biruni, kí Ó forí ìmọ̀ràn burúkú tí a ti gbà ọmọ ọlọ́mọ jì wá, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣe ànfààní. Āmīn.